Fìlà Mẹ́rin ní Great Yarmouth: Ìbò, Kèké àti Ìfẹ́ Ọlọ́run

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn àti àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, tí kò sì tíì tán nílẹ̀: nígbà tí ìlú bá dìbò, tí ẹnìkan wọlé tí ẹnìkejì rẹ̀ sì fìdí rẹmi, kí ni ó fún ẹni tí ó wọlé ní ẹ̀tọ́ láti ṣe àkóso àwọn tí kò yàn án? Àwọn kan ní iye ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fohùn ṣọ̀kan lásán. Àwọn mìíràn ní Ọlọ́run ni, pé ọwọ́ ènìyàn ló ń fa àmì sórí ìwé ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a kò rí ló ń darí rẹ̀. Àwọn kẹta, tí ohùn wọn kì í sábà ròkè, gbà pé èèṣì ló pọ̀ jù níbẹ̀, pé bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ ìdìbò, tàbí bí àwọn arúgbó àdúgbò kan kò bá rí ọkọ̀ wọ̀ dé ibùdó, ẹlòmíràn ni ì bá wọlé. Ìtàn ìdìbò ìlú kan tí ó wà létí òkun ní ìlà-oòrùn England, èyíinì ni Great Yarmouth ní ẹkùn Norfolk, kó ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ara rẹ̀, nítorí pé ìlú náà ti fi kèké yan àwọn aláṣẹ rẹ̀, ó ti ta ìbò rẹ̀ lówó títí ìyà fi jẹ ẹ́, ó sì ti di ọ̀kan lára àwọn káńsù àgbègbè tí òfin ilẹ̀ England ń darí ìdìbò wọn lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an ló yẹ kí a kọ́kọ́ tú wò, nítorí pé èdè Yorùbá ti fi nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀. Ìbò, tí a ń dì lónìí láti yan gómìnà tàbí káńsẹ́lọ̀, ni orúkọ àwọn nǹkan kéékèèké tí babaláwo ń lò nídìí Ifá, irú bí owó ẹyọ àti egungun, tí ẹni tó wá dá Ifá máa ń dì sínú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kí odù tí ó bá jẹ́ àgbà lè fi hàn èwo nínú méjèèjì ni ìdáhùn. Ìbò yìí kan náà ni Bíbélì Yorùbá lò nínú orí kìn-ín-ní ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, níbi tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti ń wá ẹni tí yóò rọ́pò Júdásì, tí ìbò sì mú Màtíásì láàárín ẹni méjì tí wọ́n fà kalẹ̀. Kò sí ẹni tó ka ọwọ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó polongo. Kèké ni wọ́n ṣẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò bọ́ nínú irú àdàpọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn ballot ti inú èdè Ítálì wá, bọ́ọ̀lù kékeré ni ó túmọ̀ sí, irú èyí tí àwọn ará Venice ń lò fún kèké àti fún ìbò pọ̀. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ mọ́ra, níhìn-ín, kèké ni a ó máa pe yíyàn tí kò ní ìdí kankan tí ó fi mú ẹnìkan tí ó sì fi ẹnìkejì sílẹ̀, ìbò ni a ó sì máa pe yíyàn tí olúkúlùkù fi èrò ọkàn rẹ̀ ṣe.

Great Yarmouth gba ìwé ẹ̀tọ́ ìlú lọ́wọ́ Ọba John ní ọdún 1208, èyí tí ó fún àwọn ará ìlú náà láǹfààní láti máa yan àwọn aláṣẹ tiwọn dípò kí ọba máa rán ènìyàn sí wọn. Ẹja ṣáwá ló sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀, níbi tí owó bá sì gbé pọ̀, ìjà ipò kì í jìnnà síbẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1491, wọ́n ṣe ìlànà kan tí ó yẹ kí onírònú tẹjú mọ́. Wọn a kọ orúkọ ọkùnrin 36 nínú àwọn ọmọ ìlú tí ó ní ẹ̀tọ́ kíkún, wọn a pín orúkọ náà sínú fìlà mẹ́rin, 9 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a sì pe ẹnìkan tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní aláìmọ̀kan, kí ó ki ọwọ́ bọ fìlà kọ̀ọ̀kan kí ó mú orúkọ mẹ́ta jáde. Àwọn 12 tí ọwọ́ aláìmọ̀kan bá kàn ni wọn yóò tì mọ́ inú gbọ̀ngàn, láìsí oúnjẹ, láìsí omi, láìsí iná, títí tí 9 nínú wọn yóò fi fohùn ṣọ̀kan lórí àwọn tí yóò jẹ aláṣẹ ìlú fún ọdún tí ń bọ̀. Ìlànà yìí wà títí di ọdún 1835, èyíinì ni pé ó lo ọ̀rúndún mẹ́ta àti àádọ́ta ọdún dín díẹ̀.

Ẹni tí ó bá kà á ní kánmọ́kánmọ́ lè rò pé ìwà ìgbàlódé kò tíì dé ni, tàbí pé ohun ìgbàgbọ́ asán ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kèké kò yan aláṣẹ ní Great Yarmouth. Àwọn tí yóò yan aláṣẹ ni kèké yàn, lẹ́yìn èyí ni ìrònú àti àríyànjiyàn ènìyàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí fìlà mẹ́rin náà wà fún ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀ ẹni tí ó yẹ kí òun lọ bẹ̀, kí ó lọ halẹ̀ mọ́, tàbí kí ó lọ fún lówó, nítorí pé ènìyàn kò lè ra ìbò ẹni tí kò tíì mọ̀ pé òun ni yóò dìbò. Ebi tí ó wà nínú gbọ̀ngàn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: kì í jẹ́ kí àwọn olóríkunkun jókòó pẹ́. Síbẹ̀, ọwọ́ aláìmọ̀kan náà kò ju ọwọ́ lásán lọ, ibi tí agbára gbé wà gan-an ni ọwọ́ ẹni tí ó kọ orúkọ 36 náà. Obìnrin kò sí nínú fìlà, alágbàṣe inú ọkọ̀ ẹja kò sí nínú fìlà, àwọn olówó ìlú àti ìbátan wọn ló pọ̀ níbẹ̀. Kèké tí ó mọ́ tónítóní kò lè wẹ àkójọ orúkọ tí kò mọ́.

Ṣé Ọlọ́run wà nínú fìlà náà? Àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ England ti ronú lórí ọ̀ràn yìí ṣáájú kí Great Yarmouth tó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ rárá. Bede, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tí ó gbé ní Jarrow ní ìhà àríwá, tí ó sì kú ní ọdún 735, ṣe àkíyèsí kan nínú ìtumọ̀ tí ó kọ sí ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì: kí Ẹ̀mí Mímọ́ tó sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n fi kèké yan Màtíásì, ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹ̀mí dé tán, tí wọ́n fẹ́ yan díákónì méje, wọn kò ṣẹ́ kèké mọ́, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ló yàn wọ́n. Ohun tí ó ń tọ́ka sí kò ṣòro láti rí: kèké wà fún àkókò tí ìmọ̀ kò tíì pé, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti dé, kí ènìyàn lo ojú tí a fún un. Lẹ́yìn ọ̀rúndún márùn-ún, Thomas Aquinas ti ilẹ̀ Ítálì gba ọ̀rọ̀ Bede mú, ó sì kọ́ ilé lé e lórí. Ó pín kèké sí ọ̀nà mẹ́ta: kèké ìpín, tí a fi ń mọ ẹni tí nǹkan yóò jẹ́ tirẹ̀, kèké ìmọ̀ràn, tí a fi ń bèèrè ohun tí ó yẹ kí a ṣe, àti kèké ìfojúsọ́nà, tí a fi ń wádìí ohun tí ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀. Ó ní kò tọ́ láti fi kèké yan olórí ìjọ, níwọ̀n bí Ẹ̀mí ti wà láti darí àwọn tí ń yàn, ṣùgbọ́n ipò ayé yàtọ̀, nítorí pé nǹkan ayé ni irú ipò bẹ́ẹ̀ ń bójú tó, àwọn ènìyàn sì lè fi kèké pín in bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ tàbí ogún.

Àríyànjiyàn tí ó le jù lọ wáyé láàárín àwọn Píúrítánì, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn Kristi ilẹ̀ England tí wọ́n ń fẹ́ kí ìjọ bọ́ gbogbo àṣà Róòmù sílẹ̀. Ní ọdún 1593, James Balmford tẹ ìwé kékeré kan jáde láti dẹ́bi fún títa káàdì, ìdí rẹ̀ sì nípọn: bí ó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ni ó ń pinnu ibi tí kèké bá já sí, gẹ́gẹ́ bí ìwé Òwe orí kẹrìndínlógún ti wí, a jẹ́ pé ẹni tí ó bá fi kèké ṣeré ń pe Ọlọ́run wá síbi ayò, ìyẹn sì jẹ́ lílo orúkọ mímọ́ lásán. Thomas Gataker, àlùfáà ìjọ ní Rotherhithe lẹ́bàá odò Thames, dá a lóhùn pẹ̀lú ìwé ńlá kan ní ọdún 1619. Gataker kò sọ pé Ọlọ́run kò sí nínú kèké. Ohun tí ó sọ ni pé Ọlọ́run wà nínú rẹ̀ bí ó ti wà nínú jíjábọ́ ewé àti ìfò ẹyẹ, tí kò sì sí ẹ̀rí kankan pé ó wà nínú rẹ̀ lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Kèké kì í ṣe ẹnu Ọlọ́run, bí a bá sì sọ ọ́ di ẹnu Ọlọ́run láìjẹ́ pé Ọlọ́run pàṣẹ bẹ́ẹ̀, àwa ni a ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Láti ibẹ̀ ni ó ti gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ ìdìbò: kí a máa lo kèké níbi tí ọ̀nà méjèèjì bá dọ́gba, níbi tí ibi yòówù tí ó bá já sí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára, tí kò sì sí ìdí tí ó tọ́ fún yíyan ọ̀kan ju èkejì lọ.

Ibi tí ìrònú Yorùbá ti lè ran àríyànjiyàn yìí lọ́wọ́ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kèké tí a bi ní ìbéèrè àti èyí tí a kò bi ní nǹkan kan. Nídìí Ifá, ẹnu oníbèéèrè ti bá ìbò sọ̀rọ̀ kí ó tó dì í; ó ti sọ ohun tí owó ẹyọ dúró fún àti ohun tí egungun dúró fún; Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, ni a sì gbà pé ó ń gbọ́. Nítorí náà, èsì rẹ̀ jẹ́ ìdáhùn fún ẹni tí ó gbàgbọ́, kò sì jẹ́ èèṣì. Bákan náà ni àwọn àpọ́sítélì gbàdúrà kí wọ́n tó ṣẹ́ kèké tí ó mú Màtíásì. Ní Great Yarmouth, kò sí ìbéèrè tí wọ́n bi fìlà. Aláìmọ̀kan kò gbàdúrà pé kí ọwọ́ òun bọ́ sí orúkọ olódodo. Àìmọ̀ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fẹ́. Kèké tí a kò bi ní ìbéèrè kò lè dáhùn, ẹni tí ó bá wá gbọ́ ohùn Ọlọ́run nínú rẹ̀ ti gbọ́ ohun tí a kò sọ. Balmford kò rí ìyàtọ̀ yìí, Gataker rí i ní ìdajì.

Ní ọdún 1835 ni ìjọba ilẹ̀ náà fi òfin kan tún àkóso àwọn ìlú 178 ṣe, Great Yarmouth sì wà lára wọn. Wọ́n kó fìlà mẹ́rin náà kúrò nílẹ̀, àwọn ọkùnrin tí ń san owó orí ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò yan káńsẹ́lọ̀. Òfin náà ní kí sáà káńsẹ́lọ̀ jẹ́ ọdún mẹ́ta, kí ìdá mẹ́ta wọn sì máa kúrò lọ́dọọdún, kí ìlú lè máa tún èrò rẹ̀ pa láìda gbogbo ilé rú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìlọsíwájú, ìlọsíwájú sì ni. Àmọ́ ìtàn ìbò tí wọ́n ń dì sí ilé aṣòfin ní London ní ìlú yìí kan náà kò jẹ́ kí a yin ìbò ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n jogún ẹ̀tọ́ ìdìbò, tàbí tí wọ́n gbà á nípa kíkọ́ṣẹ́, sọ ẹ̀tọ́ náà di ọjà. Ìbò ìgbà náà kò ní bòńkẹ́lẹ́, gbangba ni olùdìbò ti ń pe orúkọ ẹni tí ó fẹ́, nítorí náà ẹni tí ó san owó lè dúró gbọ́ bóyá owó òun so èso. Ní ọdún 1848, ilé aṣòfin ṣe òfin tí ó gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ gbogbo àwọn ọmọ ìlú tí ó ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ ní Great Yarmouth nítorí rìbá. Ìyẹn kò tó wọn. Òfin àtúnṣe ìdìbò ti ọdún 1867 wá gba aṣojú lọ́wọ́ ìlú náà pátápátá, pa pọ̀ mọ́ Lancaster, Reigate àti Totnes, Great Yarmouth kò sì rí aṣojú tirẹ̀ gbà padà títí di ọdún 1885. Ìbò bòńkẹ́lẹ́ ti di òfin ní ọdún 1872 nígbà tí wọ́n ṣì ń jìyà náà lọ́wọ́.

Ìlú kan náà ni, irú ènìyàn kan náà sì ni. Fún ọ̀rúndún mẹ́ta wọ́n fi kèké ṣọ́ yíyàn aláṣẹ ilé nítorí pé wọ́n mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti fi ìbò sílẹ̀ láìsí ààbò, wọ́n tà á. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ohùn Ọlọ́run gbọ́dọ̀ sọ fún wa ohùn ta ni ó ń dún ní Great Yarmouth nígbà tí owó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Ọmọ England kan ti kìlọ̀ nípa gbólóhùn yìí tipẹ́tipẹ́: Alcuin, ọmọ York, kọ̀wé sí Ọba Charlemagne ní ìparí ọ̀rúndún kẹjọ pé kí ó má ṣe fetí sí àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ariwo èrò kò jìnnà sí wèrè. Ó yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ tí ó kọ ìwé láti ta kò ni ayé wá ń tọ́ka sí bí ẹni pé ìmọ̀ràn rere ni. Alcuin náà ṣàṣejù o; ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn èrò rárá yóò gbọ́ ti ara rẹ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Káńsù Great Yarmouth ti òde òní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1974, nígbà tí òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 1972 so ìlú náà pọ̀ mọ́ àwọn abúlé tí ó yí i ká. Káńsù àgbègbè ni, èyíinì ni ìpele ìsàlẹ̀ nínú ìjọba onípele méjì: káńsù ẹkùn Norfolk ló ń mójú tó ilé-ìwé, títì àti ìtọ́jú arúgbó, káńsù àgbègbè ló sì ń mójú tó ilé gbígbé, ìkólẹ̀ àti ìwé àṣẹ ilé kíkọ́. Ètò ìdá mẹ́ta tí ó wá láti 1835 kò kú títí di ọdún 2019. Ọdún mẹ́rin ni sáà káńsẹ́lọ̀ báyìí, ìdá mẹ́ta káńsù sì máa ń lọ síbi ìbò nígbà náà ní ọdún mẹ́ta nínú mẹ́rin, ọdún kẹrin ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdìbò káńsù ẹkùn. Nínú ìjókòó 39, 13 ni ìlú máa ń dìbò fún lẹ́ẹ̀kan.

Ètò yìí, tí ó dà bí ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán, gbé ìbéèrè ìjìnlẹ̀ kan dìde nípa ohun tí à ń pè ní ìfẹ́ ìlú. Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ UKIP, tí ó ń jà kí Britain kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, gba ìjókòó 10 nínú 13 tí wọ́n dìbò fún ní Great Yarmouth. Ẹni tí ó bá wo ọjọ́ yẹn nìkan yóò ní ìlú ti bọ́ sọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ gbọ̀ngàn káńsù, 10 péré ni wọ́n nínú 39, nítorí pé àwọn 26 tí wọn kò dìbò fún lọ́dún náà jẹ́ àmì èrò ìlú ti ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, tí sáà wọn kò tíì pé. Ẹgbẹ́ Labour àti ẹgbẹ́ Conservative ló ṣì pọ̀ jù lọ, kò sì sí ẹgbẹ́ tí ó ní ìdajì. Èwo wá ni ìfẹ́ ìlú nínú méjèèjì, ti òwúrọ̀ ọjọ́ kan tàbí ti ọdún mẹ́rin tí a dà pọ̀? Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè dìbò lórí ọ̀rọ̀ Yúróòpù, ó ju ènìyàn 7 lọ nínú 10 tí ó dìbò ní Great Yarmouth tí wọ́n ní kí Britain jáde, nítorí náà ìbínú 2014 kì í ṣe èèṣì. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ìlú bínú sí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ ẹni tí yóò kó ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìbò ìbílẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè tí a kò kọ sórí ìwé ìdìbò, tí ẹni tí ó wọlé sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wù ú. Láti ọdún 2019 ni káńsù náà ti jáwọ́ nínú ètò ìdá mẹ́ta, tí gbogbo ìjókòó 39 sì ń lọ síbi ìbò lọ́jọ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin. Ó rọrùn, owó rẹ̀ sì kéré. Ṣùgbọ́n ó fi gbogbo ọdún mẹ́rin lé ojú ọjọ́ kan lọ́wọ́.

Fìlà tí wọ́n gbé kúrò nílẹ̀ ní 1835 ṣì wà nínú òfin ilẹ̀ England ní ibì kan tí ojú kì í sábà dé. Bí olùdíje méjì bá ní iye ìbò kan náà, tí wọ́n tún un kà tí kò yí padà, òfin ní kí alákòóso ètò ìdìbò fi kèké pinnu láàárín wọn lójú ẹsẹ̀, kí ó sì kà á sí pé ẹni tí kèké mú ní ìbò kan lé. Òfin kò sọ irú kèké tí yóò lò: ó lè fa orúkọ jáde láti inú àpótí, ó lè ju owó, ó lè mú koríko gígùn àti kúkúrú lọ́wọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, èyí ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù South Blyth ní Northumberland, níbi tí Blyth ti ní káńsù àgbègbè tirẹ̀ tí ń jẹ́ Blyth Valley kí wọ́n tó pa gbogbo káńsù àgbègbè ibẹ̀ rẹ́ ní ọdún 2009, tí wọ́n sì fi káńsù kan ṣoṣo rọ́pò wọn. Olùdíje ẹgbẹ́ Conservative ní ìbò 356, olùdíje ẹgbẹ́ Liberal Democrats ní 356. Wọ́n fa koríko, ti Liberal Democrats ló wọlé. Ẹgbẹ́ Conservative parí ìdìbò náà pẹ̀lú ìjókòó 33 nínú 67, nítorí náà koríko kan ni ó dí wọn lọ́nà àti ní ọ̀pọ̀ tí ì bá jẹ́ kí wọ́n nìkan ṣe àkóso Northumberland. Jarrow, níbi tí Bede ti kọ̀wé pé kèké wà fún ìgbà tí ìmọ̀ kò tíì dé, kò jìnnà sí Blyth.

Òṣùwọ̀n Gataker ni ó yẹ kí a fi wo ọ̀rọ̀ South Blyth. Ó ní kí kèké wà fún ibi tí ọ̀nà méjèèjì bá dọ́gba. Láàárín olùdíje méjèèjì, ìbò 356 sí 356 ti mú wọn dọ́gba, kò sì sí ìdí kankan tí ó lè wúwo ju ìdí èkejì lọ láìjẹ́ pé alákòóso ètò ìdìbò ń ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ará Northumberland, ohun tí ó wà nílẹ̀ kò dọ́gba rárá, nítorí pé owó káńsù, títì àti ilé-ìwé ẹkùn odindi so mọ́ koríko náà. Àwọn kan yóò ní kí wọ́n tún ìdìbò dì. Ìmọ̀ràn náà dára létí, àmọ́ ó gbàgbé nǹkan kan: bí wọ́n bá tún un dì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí ẹnìkan sì fi ìbò méjì borí, kí ni ìbò méjì náà yóò jẹ́ bí kò ṣe òjò tí ó rọ̀, ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, lẹ́tà tí ó pẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́? Níbi tí ìdìbò ìbílẹ̀ England ti sábà máa ń rí i pé ìdá mẹ́ta àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ péré ló jáde, ẹni tí ó fi ìbò méjì wọlé àti ẹni tí ó fi koríko wọlé jọ jẹ́ ìbátan ju bí ẹni àkọ́kọ́ yóò ti fẹ́ gbà lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó fi koríko wọlé kò lè yangàn.

Àǹfààní ìjìnlẹ̀ tí kèké ní nìyẹn, òun náà ni ó sì fi hàn bí ọ̀ràn ẹ̀tọ́ àkóso ti rí. Ẹni tí ó pàdánù ní South Blyth gba èsì náà, kì í ṣe nítorí pé ó gbà pé ẹnìkejì sàn ju òun lọ, kì í sì ṣe nítorí pé ó gbọ́ ohùn láti ọ̀run, bí kò ṣe pé òfin tí ó wà kí àwọn méjèèjì tó díje ni wọ́n tẹ̀ lé, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ẹni tí yóò ṣe lóore. Bákan náà ni àwọn 24 tí orúkọ wọn ṣẹ́kù sínú fìlà ní Great Yarmouth ṣe ń padà sílé láìbínú. Ìfohùnṣọ̀kan tí ó ṣáájú yìí, tí a ṣe nínú àìmọ̀, ni ó ń gbé ìbò àti kèké ró pọ̀. Iye tí a kà lẹ́yìn náà kàn jẹ́ ọ̀nà tí a gbà mú un ṣẹ ni. Níbi tí ìfohùnṣọ̀kan náà kò bá sí, bí ẹnìkan tilẹ̀ ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìbò, agbára ni ó ní, kò tíì ní ẹ̀tọ́. Èyí sì ni ó mú kí rìbá tí òfin ọdún 1848 fìyà jẹ burú ju owó tí wọ́n ná sí i lọ: ẹni tí ó ra ìbò ti mọ èsì tẹ́lẹ̀, ó ti jáde kúrò nínú àìmọ̀ tí ó yẹ kí gbogbo wọn jọ wà.

Ní ti Ọlọ́run, onígbàgbọ́ lè di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Gataker pàápàá di èyí mú títí tí ó fi kú ní ọdún 1654. Ohun tí kò tọ́ ni kí olóṣèlú tí ó wọlé sọ fún àwọn ará ìlú pé Ọlọ́run ni ó gbé òun síbẹ̀, bí ó ti wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tiwa ní Nàìjíríà, bí ẹni pé ìyẹn dá gbogbo ìbéèrè lẹ́kun. Bí Ọlọ́run bá wà nínú ìwọlé rẹ̀, ó wà nínú ìjákulẹ̀ ẹnìkejì pẹ̀lú, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò fún un ní ohun tí ẹnìkejì kò ní. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gba ìdáhùn fún ìbéèrè tí kò bi ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ náà kéde pé òun fẹ́ mú ìjọba ìbílẹ̀ onípele méjì kúrò káàkiri England, kí káńsù kan ṣoṣo máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì, Norfolk sì wà lára àwọn ẹkùn tí wọ́n kọ́kọ́ kàn. Káńsù àgbègbè Great Yarmouth wà lára àwọn tí ètò náà yóò pa rẹ́. Òfin kèké kò sí lára ohun tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́.